Irọ́ Tí Mo Pa ní Kóòtù Ló Ti Ọ̀rẹ́ Mi Sí Ìdí Okùn

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Alàmísì kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Bàrísítà Aishah ni. Kò kí mi.

"Fìyìn, ìwé náà dà?"

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

"Mi ò fẹ́ ẹ káàárọ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ Basheerah ní kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún un síwájú nítorí rẹ, wọn ò ní sún un mọ́. Aago mẹ́ta òní ni ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé kóòtù máa tì. Tí mi ò bá rí ìwé ìwọ̀n rẹ, tí o ò sì wá búra kó tó di aago mẹ́ta, kò sí ohun tí mo lè gbé síwájú àwọn adájọ́ lọ́la ju ẹ̀bẹ̀ lásán. Ẹ̀bẹ̀ lásán kì í tú okùn kúrò lọ́rùn èèyàn."

Ó pa fóònù.

Ìwé náà kò sí lọ́wọ́ mi. Malete ló wà, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ki ègé aṣọ sínú ìrọ̀rí. Èmi fúnra mi ni mo jù ú sínú àpò tí mo gbé fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí kí ẹ tó bú mi. Ẹ ó bú mi. Mo ti mọ̀.

Télọ̀ ni mí. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni àwọn òbí mi, Tanke ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó kékeré kan. Mi ò kàwé lọ títí. Ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ ni mo fi kọ́ ọ. Ọ̀gá mi kò fi nǹkan méjì ṣeré. Ó ní ká máa wọn oníbàárà lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tó bá wá, ká má lo ìwọ̀n àtijọ́. Ó tún ní ohun tí a bá rí lára oníbàárà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni ká fi sí. Obìnrin tó bá bọ́ aṣọ níwájú rẹ ti fọkàn tán ọ. Télọ̀ tó bá lọ ń sọ pé ikùn lágbájá ti sọ̀, ọmú tàmẹ̀dò ti rọ̀, kò ní rí oníbàárà mọ́.

Mo di òfin méjèèjì mú. Mo ra ìwé gbọọrọ kan, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mo ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó wá. Tí nǹkan kan bá wà tí mo gbọ́dọ̀ rántí, mo máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́: "èjìká kan ga ju èkejì," "ó lóyún, fi àyè sílẹ̀."

Basheerah di oníbàárà mi, ó sì di ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Ìlọrin gan-an ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé kéú, ẹ̀rín rẹ̀ kò jìnnà. Abdulganiyu ọkọ rẹ̀, tí a ń pè ní Gàníyù, ń ta sólà àti bátìrì. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Zahrah.

Lọ́jọ́ kan ó bọ́ hìjáàbù lẹ́yìn kọ́tìnnì kí n lè wọ̀n ọ́n. Mo wọn apá ọ̀tún, ínǹṣì méjìlá ààbọ̀. Mo wọn apá òsì. Mo tún un wọ̀n. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Basheerah, kí ló ṣe ọ́ lápá?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"Irú ilẹ̀kùn wo ló ń mọ apá òsì?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó wo ilẹ̀. "Apá òsì ni mo fi ń gba ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ tó bá ń bọ̀ lójú. Fìyìn, ṣe ọwọ́ òsì aṣọ náà kó fẹ̀. Kó má fún mi."

"Tí apá náà bá wá sàn ńkọ́? Aṣọ á máa jó bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Kó tó sàn, á tún wú."

Mo kọ ọ́ síwèé: *Basheerah. Apá ọ̀tún 12½, òsì 15. Ó wú. Ọwọ́ òsì kó fẹ̀.* Mo sì gé aṣọ.

Aṣọ mọ́kànlá ni mo rán fún un láàárín ọdún méjì. Nígbà mìíràn ó máa ní kí n gbé ọrùn aṣọ sókè. Nígbà mìíràn mo máa ń wọn ẹ̀yìn rẹ̀, á fà sẹ́yìn bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí. Hìjáàbù ló ń wọ̀ jáde, ta ni yóò rí i? Èmi ni mo ń rí i.

Mo bi í pé, "O ò sọ fún màmá rẹ?"

"Mo sọ. Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Ẹbí ti jókòó lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ṣe àdúà, wọ́n ní kí Gàníyù má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí èmi náà dín ẹnu kù. Ó ṣe tán." Ó na hìjáàbù rẹ̀. "Fìyìn, má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Wàláhì, tó bá gbọ́ pé mo sọ ọ́ síta, ó máa pa mí."

Mo ní mi ò ní sọ. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo jẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán.

Gàníyù gan-an máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Á ra wàrà lọ́nà, á kó o lé orí tábìlì mi. "Àǹtí Fìyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyàwó mi di ìyá arúgbó o! Gbogbo aṣọ yín lọrùn rẹ̀ ga bíi ti sọ́jà." A jọ máa ń rẹ́rìn-ín ni. Mo ń jẹ wàrà rẹ̀, mo sì mọ ìdí tí ọrùn aṣọ fi ga.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀túnla ló ṣẹlẹ̀. Aṣọ ọdún Basheerah, ìkọkànlá, wà lára ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, bọ́tìnnì ló kù; màmá rẹ̀ ló padà wá gbà á. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó yọrí: "Àǹtí télọ̀, ẹ gbọ́? Wọ́n ní ìyàwó alágbàtà sólà yẹn ti gún ọkọ rẹ̀ pa."

Bí Basheerah ṣe sọ ọ́ nìyí, láti ọjọ́ náà títí di òní, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ń gé àlùbọ́sà. Gàníyù wọlé, ó bi í nípa ìpè kan tí kò gbé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un lọ́rùn mọ́ ògiri kíṣínì. Ojú Basheerah ṣókùnkùn, ọ̀bẹ àlùbọ́sà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló gún un. Òun náà ló wọ́ ọ jáde, tó ń kígbe pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù. Gàníyù kú lójú ọ̀nà.

Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní irọ́ ni. Wọ́n ní Gàníyù fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì lẹ́yìn ọdún, owú ló jẹ́ kó pa á. Kò sẹ́ni tó wà nílé ju àwọn méjèèjì lọ. Nígbà tí dókítà sì fi máa yẹ Basheerah wò, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ọrùn rẹ̀ ti padà sípò.

Bàrísítà Aishah, tó ń gba ẹjọ́ àwọn obìnrin rò lọ́fẹ̀ẹ́, bi í pé, "Ta ló mọ̀ pé ó ń nà ọ́?"

Basheerah ní, "Ẹnu mi ni màmá mi ti gbọ́. Télọ̀ mi ló fojú rí i."

Bàrísítà wá bá mi ní Tanke. Mo sunkún. Mo ní màá wá jẹ́rìí. Ọkàn mi sì ni mo fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n Gàníyù wá. Alhaji Àbdùlgàfárù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè. Ó jókòó lórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé, ó wo ara ògiri pákó mi níbi tí ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé kí n kó ẹrù mi kúrò, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò wá bẹ̀ ọ́ kí o parọ́. Allahu kò fẹ́ irọ́. Ìbéèrè ni mo ní. Ṣé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò mi kú?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o fi ojú ara rẹ rí i tó na ìyàwó rẹ̀ rí?"

"Rárá, sà."

"O rí i. Kí wá lo fẹ́ lọ sọ?"

Mo ń ká téèpù mọ́ ìka.

Ó fi ọwọ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge, ojú títì gan-an. Gíláàsì ni iwájú rẹ̀. Ó ṣófo. Ọmọ tó bá ń tiraka bíi tìrẹ lè lò ó fún ọdún mẹ́ta, mi ò ní béèrè nǹkan kan. Lọ wò ó ná. Kò sí tipátipá."

Mo lọ wò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò ní tàn yín, mi ò dúró di ọjọ́ kejì. Mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù náà, mo ń fi ojú inú to maṣíìnì: ọ̀kan síbí, tábìlì ìgéṣọ sọ́hùn-ún, aṣọ ìyàwó nínú gíláàsì kí àwọn tó wà nínú mọ́tò lè máa rí i. Mo sọ fún ara mi pé Alhaji kò kúkú parọ́. Mi ò rí ọwọ́ tó nà án. Apá tó wú ni mo rí. Mo tún gbé òfin ọ̀gá mi jáde, mo fi bo ojú: ohun tí mo rí lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni kó wà.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, mo gbé Bíbélì sókè. Basheerah wà nínú àpótí olùjẹ́jọ́. Ọ̀kan nínú aṣọ tí mo rán fún un ló wọ̀.

Bàrísítà Aishah rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi kí ara mi lè balẹ̀. "Sọ fún kóòtù, nígbà tí o ń wọn aṣọ fún olùjẹ́jọ́, ṣé o rí ojú ọgbẹ́ tàbí ibi tó wú lára rẹ̀ rí?"

Alhaji wà ní ìlà kejì, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Kò wò mí rárá.

"Rárá, mà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàrísítà. "Jọ̀ọ́, gbọ́ ìbéèrè mi dáadáa. Apá rẹ̀ ńkọ́? Ọrùn rẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mà. Aṣọ ni mo ń wò. Mi kì í wo ara oníbàárà."

Agbẹjọ́rò ìjọba kò tilẹ̀ dìde bi mí ní ìbéèrè kankan. Kí ló tún fẹ́? Basheerah kò pariwo. Ó kàn fa ọwọ́ òsì aṣọ rẹ̀ wá sílẹ̀ títí ó fi bo ìka rẹ̀. Ó gbòòrò, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó wà ní kóòtù, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mò ń wò.

Mi ò lọ lọ́jọ́ ìdájọ́. Mò ń so kọ́tìnnì kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Challenge nígbà tí rédíò sọ ọ́. Adájọ́ ní ẹ̀rí ẹnu olùjẹ́jọ́ nìkan ni òun rí nípa pé ọkọ ń lù ú. Télọ̀ tí olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ pè gan-an ní òun kò rí nǹkan kan. Kí wọ́n so ó rọ̀ ní ọrùn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀.

Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Oníbàárà kan ní, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Rasheedah wá láti Malete, obìnrin tó máa ń wá kó ègé aṣọ lóṣooṣù. Mi ò lè dáná sun ìwé náà. Mo gbìyànjú, ọwọ́ mi kò gbà. Mo rì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpò, mo gbé àpò lé Rasheedah lórí. Mo ní ó ti parí.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kún. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan dúró lórí àpótí, mò ń fi abẹ́rẹ́ píìnì pa ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀ mọ́. Màmá Basheerah wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú àpò ọ̀rá kan, ó da aṣọ sórí tábìlì ìgéṣọ mi. Mo mọ gbogbo wọn. Mọ́kànlá.

"Fìyìn, wá."

"Màmá, ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sẹ́yìn."

"A ò bọ́ sẹ́yìn. Ṣebí ẹ̀yìn yẹn náà lo ti rí i."

Àwọn oníbàárà yíjú sí wa.

"Mo kó aṣọ ọmọ mi lọ fún télọ̀ àdúgbò wa, kó gé wọn kéré fún Zahrah. Ó gbé àkọ́kọ́, ó gbé ìkejì. Ó ní, 'Màmá, ta ló rán èyí? Ọwọ́ òsì fẹ̀ ju ọ̀tún lọ.' Mo ní bóyá ẹni tó rán an ṣe àṣìṣe ni. Ó ní rárá. Ó ní èèyàn kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó ní ẹni tó rán an wọn apá tó wú." Ó gbé aṣọ kan sókè, ó pa ọwọ́ aṣọ méjèèjì pọ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rí i. "Ọwọ́ rẹ ló gé e. Ọwọ́ rẹ mọ̀. Kí ló dé tí ẹnu rẹ kò mọ̀ níwájú adájọ́?"

Ìyá ìyàwó ojú ọ̀nà ní, "Àǹtí, kí ni wọ́n ń sọ?"

Mo fẹ́ sọ pé bí wọ́n ṣe ń rán an nìyẹn lásìkò yẹn. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi. Mo wá rí ojú Màmá.

"Mo mọ̀, mà," mo ní. "Mo rí i. Gbogbo ìgbà ni mo rí i."

Ìyàwó ojú ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí pẹ̀lú píìnì lára. Ìyá rẹ̀ kó aṣọ tó kù, wọ́n jáde. Àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan sọ lójú ọ̀nà pé, "Wọ́n fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, ó ń rán aṣọ ìyàwó."

Mo rò pé Màmá máa gbá mi létí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sáàárín ègé aṣọ. "Èmi náà, mo ní kó ní sùúrù," ó ní. "Ó wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, mo dá a padà. Fìyìn, ṣé ó ti pẹ́ jù? Ṣé wọ́n ṣì lè gbà á sílẹ̀?"

Ọjọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá Bàrísítà Aishah. Mo sọ ti Alhaji, mo sọ ti ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ti ìwé. Nígbà tó gbọ́ ti ìwé, ó gbá tábìlì.

"O ní ìwé? Pẹ̀lú ọjọ́? Pẹ̀lú ìwọ̀n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbé e wá. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ o: tí o bá búra pé irọ́ lo pa, wọ́n lè gbé ìwọ náà lọ sẹ́wọ̀n. Tí o kò bá sì búra, wọ́n á pa á."

Ó yẹ kí n ti lọ sí Malete lọ́jọ́ náà. Mo délé, mo ro ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Mo ní ìwé wà ní Ọ̀mù-Àrán, màá lọ gbé e. Mo ní ara mi kò yá. Mo pa fóònù. Báyìí ni mo fi oṣù márùn-ún tàn wọ́n, èmi tí mo ti sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé mo mọ̀. Èyí ló burú jù lójú ara mi. Tìgbà àkọ́kọ́, mo lè sọ pé ojúkòkòrò ni. Ti èkejì, mo ti rí Màmá nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìpè Alàmísì yẹn ló wá bá mi lórí ibùsùn. Ẹ̀bẹ̀ lásán kì í tú okùn kúrò lọ́rùn èèyàn. Mi ò wẹ̀. Mo wọ mọ́tò Malete.

Rasheedah wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń rán ẹnu ìrọ̀rí pa. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Challenge! Ẹ̀yin náà wá ra ìrọ̀rí?"

"Rasheedah, ìwé kan wà nínú àpò tí mo gbé fún ọ, ọjọ́ ti pẹ́. Ìwé gbọọrọ, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú."

"Ìwé?" Ó ronú. "Háà. Ìwé yẹn! Ó wúlò fún mi o."

"Kí lo fi ṣe?"

Ó nawọ́ sábẹ́ maṣíìnì rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan maṣíìnì náà kò dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Ìwé mi ló fi gbé e. "Ẹ má yọ ọ́ o, Àǹtí. Ó máa mì. Iṣẹ́ àwọn ọmọ Yunifásítì ni mò ń ṣe, ọ̀sán yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o."

Mo ti kúnlẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè, mo fa ìwé náà jáde. Òróró maṣíìnì ti rin ín, àwọn ojú ìwé kan ti lẹ̀ pọ̀, wọ́n ti dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀. Rasheedah kò bi mí ní ìbéèrè mọ́. Ó wá ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù, ó fi dípò ìwé.

Mọ́tò tí mo wọ̀ padà kò tètè kún. Èèyàn méjì ló kù. Aago kan ti kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ lọ bímọ ni?" Àwọn èrò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Wọ́n fẹ́ pa èèyàn, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n fẹ́ pa á."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Dírẹ́bà wò mí nínú díńgí, ó ṣáná sí mọ́tò.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo dé kóòtù. Bàrísítà gba ìwé, ó ń ṣí i níkọ̀ọ̀kan. Òróró ti jẹ ojú mẹ́rin nínú mọ́kànlá. Méje ṣeé kà. Ó dé èyí tó kẹ́yìn, tí mo kọ ní ọjọ́ mẹ́jọ kí Gàníyù tó kú. Ó kà á sókè:

"*Ọrùn: mi ò lè fi téèpù kàn án, ó ń dùn ún. Ojú ìka márùn-ún. Gbé ọrùn aṣọ sókè dáadáa.*"

Ó jókòó. "Ìwọ lo kọ èyí. Lẹ́yìn náà lo wá sọ pé o kì í wo ara oníbàárà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ti ìwé ìbúra sí iwájú mi. "Kà á kí o tó fọwọ́ sí i. Ó sọ pé irọ́ lo pa, ó sì sọ ohun tí o gbà kí o tó pa á."

Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ọwọ́ akọ̀wé ti wà lára ilẹ̀kùn, ó fẹ́ tì í.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́, àwọn adájọ́ mẹ́ta náà dájọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo lọ. Èyí àkọ́kọ́ ní ìwé yìí ti wà láyé nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́, ẹni tó ni ín sì dúró níwájú kóòtù. Ó ní àwọn kò lè jẹ́ kí ẹlẹ́rìí máa padà wá tún ẹ̀rí rẹ̀ rán nígbà tó bá wù ú. Ìkejì fara mọ́ ọn. Ìkẹta ní òun kò gbà. Ó ní òun kò lè rí ojú ìka márùn-ún nínú ìwé kí òun sì ní kí wọ́n so obìnrin náà rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni. Wọ́n fi ìdájọ́ ikú múlẹ̀.

Alhaji ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa kí n tó padà sí Challenge. Ó dúró síwájú gíláàsì náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó gbé ohùn sókè.

"Àbúrò mi ló kú! Èmi ni mo sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ta ló bi mí léèrè bó ṣe rí lára mi?"

Mo ní, "Sà, ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń nà án?"

Ó wo títì, ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹbí jókòó lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "Èmi ni mo ṣe alága." Ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Basheerah ní òun kò fẹ́ rí mi. Nígbà kẹrin ó jáde. Ó ti rù. Ó bi mí ní ohun tí Zahrah ń kà nílé ìwé. Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Nígbà tí àkókò tó, ó dìde.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́, Fìyìn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n máa wá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí iṣẹ́ yín ń jẹ́ kí ẹ rí ara obìnrin: télọ̀, onídìrí, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń lé láàlì. Mi ò ní ọgbọ́n kan láti kọ́ yín. Mo kàn ń sọ fún yín pé nígbà tí Basheerah sọ fún mi pé kí n má sọ, àti òun àti ọkọ rẹ̀ ló wà láàyè, kò sì tíì sẹ́ni tó kú. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti sọ ọ́.

Bó ṣe wà nìyí. Màmá ló ń tọ́jú Zahrah. Ọlọ́pàá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀mejì lórí irọ́ tí mo pa, wọ́n sì ní wọ́n máa gbé mi lọ sí kóòtù. Mi ò sá, Tanke ni mo wà, iwájú yàrá mi ni mo ti ń ránṣọ. Bàrísítà Aishah ti gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Abuja, ìwé mi sì wà nínú fáìlì níbẹ̀. Wọn ò tíì dá ọjọ́. Basheerah wà ní yàrá àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún.